Lámilámi Onírù Àlejò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ìtọ́jú òkú kòkòrò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìjọba ló ń san owó oṣù rẹ̀. Ní àjà kejì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, yàrá gígùn kan wà tí wọ́n to àpótí pẹlẹbẹ sí láti ilẹ̀ dé òkè. Inú àwọn àpótí yìí ni labalábá, yímíyímí, tata, agbọ́n àti lámilámi wà, tí wọ́n fi píìnì gún láyà, tí wọ́n sì tò ní ìlà bí ọmọ ilé-ìwé. Lábẹ́ kòkòrò kọ̀ọ̀kan, lára píìnì kan náà, ìwé pélébé kan wà tí kò ju èékánná lọ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n ti mú kòkòrò náà sí, ọjọ́ tí wọ́n mú un àti ẹni tó mú un. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ ọ́. Ìkọ̀wé rẹ̀ kéré débi pé mo máa ń bi í léèrè bóyá èèrà ló ń bá a dì í mú.

Èmi ní tèmi, káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo jókòó sí, sítáǹpù ni mò ń tà. Ẹnu mi kò dùn, àwọn oníbàárà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ahọ́n lá sítáǹpù níwájú mi, tó tún na ọwọ́ tútù náà sí mi láti gba ṣéńjì, á gbọ́ tirẹ̀ kó tó lọ.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni a ń pè ní Bọ̀dá Pẹ́ńsùlù, nítorí pé pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀. Ó ti gbé e wọ ilé ìwẹ̀ rí. Òun ló ń ya àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ sórí sítáǹpù. Ó ti ya afárá, ó ti ya ọkọ̀ ojú omi, ó ti ya ewé oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó jù ú lọ ló máa ń wà lórí iṣẹ́ náà, orúkọ tiwọn ni wọ́n sì ń kọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tí mo bá ń pariwo, yóò fi ìka gbọn etí rẹ̀ bí ẹni tí omi wọ̀ létí, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó wá ku ọdún mẹ́ta kí ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì nígbà tí ilé iṣẹ́ wa fẹ́ tẹ sítáǹpù mẹ́rin tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní Kòkòrò Ilẹ̀ Wa. Lọ́tẹ̀ yìí, Bọ̀dá nìkan ni wọ́n gbé e fún. Labalábá kan, yímíyímí kan, tata kan, àti lámilámi etí odò, èyí tí àwọn onímọ̀ sọ pé kò sí níbòmíràn láyé àfi lọ́dọ̀ wa. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní nínú lámilámi yìí, wọn kì í sì í jẹ́ kó jáde. Ayàwòrán ló gbọ́dọ̀ wá bá a nílé. Báyìí ni tọkọtaya ṣe jọ jókòó sí tábìlì kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọkọ lápá ibi fèrèsé, ìyàwó lápá ibi àpótí.

Mo yà sọ́dọ̀ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú búrẹ́dì mi lọ́wọ́. Bọ̀dá dojú bo awò ńlá rẹ̀, èyí tó ń sọ èèrà di ewúrẹ́, ó ń wo lámilámi náà.

"Ìyàwó mi," ó ní, "ìrù lámilámi yìí, ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbójú sókè. "Bó o ṣe rí i ni kó o yà á."

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Mo sì ti dá ẹ lóhùn."

Bọ̀dá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún padà sídìí awò rẹ̀. "Ó dáa. Bí mo ṣe rí i náà ni."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àárín lọ́kọláya ni, èmi tí mi ò níyàwó sì mọ ibi tí mo lè dá sí. Mo la ẹnu láti jẹ búrẹ́dì mi, ni ẹ̀gbọ́n mi bá lé mi jáde. Ó ní ẹ̀rún búrẹ́dì ló ń pe eku.

Bọ̀dá parí àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kó wọn sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì láti wọ bàtà. Ó so okùn ti ọ̀tún. Ó tẹ̀ síwájú láti so ti òsì, kò sì nà ró mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Àwọn èèyàn jókòó yí i ká, wọ́n ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, ẹkún náà kò dé. Ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo wá láti ìlú tó ń gbé, ó sunkún ti ara rẹ̀, ó fi ti ìyá rẹ̀ kún un, ó padà lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wọn ní ọkàn rẹ̀ le bí òkúta, mo sì bá obìnrin náà jà lórí àtẹ̀gùn, láìbìkítà pé iṣẹ́ ìjọba ni àwa méjèèjì ń ṣe. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ó ń jẹ oúnjẹ tí kò níyọ̀, kò mọ̀. Ó ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀, á wá fẹsẹ̀ rìn padà láìráhùn. Bàtà Bọ̀dá wà létí bẹ́ẹ̀dì níbi tí wọ́n bọ́ ọ sí, ọ̀kan pẹ̀lú okùn síso, èkejì ní ṣíṣí sílẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ yí wọn ká. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé báwo lara ṣe rí.

"Kò sí nǹkan," ó ní.

"Kò sí nǹkan báwo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo máa ń wá inú ara mi wò, mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀."

Mo bá a pọn omi kún kẹ́tù, mo gbé e kaná, mo lọ sílé.

Sítáǹpù náà jáde. Wọ́n rẹwà, kí a má ṣe jowú òkú. Létí abala sítáǹpù kọ̀ọ̀kan, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n tẹ orúkọ Bọ̀dá sí i, òun nìkan. Ní ìsàlẹ̀ olú ilé iṣẹ́ wa, pákó dúdú kan wà lára ògiri tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti ya sítáǹpù fún wa sí, wọ́n sì ti sọ fún wa pé lóṣù tó ń bọ̀, wọn yóò kọ tirẹ̀ náà sí i. Inú mi dùn sí pákó yẹn ju bí mo ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ya nǹkan lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, orúkọ tirẹ̀ ń bọ̀ lára ògiri.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú. Ní ìbàdí lámilámi, níbi tí ìrù ti pàdé ara, àmì yẹ́lò kan wà, kékeré bí orí píìnì. Ó wà lórí gbogbo wọn. Mo fi èékánná ha ọ̀kan, kò lọ. Mo dá ara mi lójú pé àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ni kò nu ẹ̀rọ wọn, mo sì bú wọn lọ́kàn mi lójoojúmọ́ bí mo ti ń já sítáǹpù fún oníbàárà.

Mo mú odindi abala kan lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò ó. "Ó dára," ó ní, ó sì fi í sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú síbí àti fọ́ọ̀kì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Tíṣà fi dé sí káńtà mi. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Ó ń kó sítáǹpù jọ, kò sì sí sítáǹpù tuntun tí kì í rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó tẹ́ sítáǹpù lámilámi mẹ́rin síwájú mi.

"Ọ̀gá Káńtà, ẹ wo nǹkan yìí. Irọ́ ni."

"Irọ́ báwo, sà? Ṣé ó fò lọ ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kó ọmọ ilé-ìwé lọ sétí odò. Lámilámi wa yìí, ìrù ẹ̀ rí róbótó, ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Èyí tí ẹ̀ ń tà yìí, ìrù ẹ̀ pẹlẹbẹ bí rúlà. Òkè òkun ni irú ìrù yìí ti ń wá, sítáǹpù tiwọn wà nílé mi. Orí ará ilé, ìdí àlejò! Kò sí kòkòrò tó jọ èyí láyé."

"Ẹni tó yà á ti kú, sà."

"Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ. Àmọ́ kò yẹ kó jókòó kó máa dá kòkòrò tí Ọlọ́run ò dá."

Mo ti fèrèsé káńtà mọ́ ọn lójú. Àwọn mẹ́fà ló wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì jẹ́ kí gbogbo wọn dúró síbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí a bá ti fèrèsé mọ́ ṣì lè kọ lẹ́tà. Tíṣà kọ̀wé sí olú ilé iṣẹ́. Olú ilé iṣẹ́ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí kò yọjú sí yàrá kòkòrò láti ọjọ́ tó ti dé orí oyè, ní kí wọ́n ka ìwé pélébé abẹ́ lámilámi náà sí òun létí. Ìwé náà kò sọ pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe rí. Ó wá fèsì pé kòkòrò ti àwọn pé pérépéré, a jẹ́ pé ayàwòrán ló fi ti orí ara rẹ̀ kún un.

Wọ́n kó lámilámi kúrò ní gbogbo káńtà. Wọ́n kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé ìgbìmọ̀ yóò jókòó lọ́jọ́bọ̀, àti pé bí kò bá sí àlàyé mìíràn, orúkọ olóògbé kò ní wọ orí pákó, wọn yóò sì yọ ọ́ létí àwọn abala tó kù. Èmi ni mo mú lẹ́tà náà lọ sílé fún un.

Mo bá a tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá. Ó ti lọ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún ń lọ̀ wọ́n. Mo ka lẹ́tà náà fún un lóòró. Bí mo ti ń kà á, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kọ́là, ni áyọ́ọ̀nù bá gorí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo sáré sún mọ́ ọn, mo gba áyọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ aládùúgbò.

"Ìrù yẹn," ó ní, "èmi ni mo lẹ̀ ẹ́."

Ó sọ fún mi níbẹ̀, lórí ìdúró. Ọdún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí ìyá wa ń ṣàìsàn, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi jókòó tì í nílé ìwòsàn. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ káńfọ̀ inú àpótí. Kòkòrò kan wà tí òkú kòkòrò ẹgbẹ́ rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, òórùn káńfọ̀ ló ń lé e. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà dé, ìrù lámilámi etí odò ti di ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò. Ó wá inú àpótí àwọn kòkòrò òkè òkun, ó rí lámilámi kan tí orí rẹ̀ ti já, ó gba ìrù rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ilé. Gbogbo wọn ti gbẹ, àwọ̀ wọn ti ṣí di àwọ̀ tíì, ojú kò tètè yà wọ́n sọ́tọ̀.

"Òfin wa ò lòdì sí àtúnṣe," ó ní. "Méjì lòfin. Gọ́ọ̀mù tómi lè tú ni kó o lò, kẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tú u. Ìkejì, kọ ọ́ sórí ìwé abẹ́ ẹ̀ pé o tún un ṣe. Mo ṣe ti gọ́ọ̀mù. Mo ní tí àwọn alábẹ̀wò bá lọ, màá kọ ọ́. Ọjọ́ kejì ni Màmá kú."

Ọjọ́ kejì náà ló di ọdún méjìlá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ tó ogún.

"Ta ló tún mọ̀?" mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Mo sọ ọ́, mi ò sì ní sọ pé mi ò sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méjì ló kù fún yín. Wọ́n lè lé yín dànù. Bọ̀dá ti lọ, òkú kì í gba ìwé ìdádúró. Kí ni orúkọ ara ògiri fẹ́ ṣe fún un?"

Ó gba áyọ́ọ̀nù padà lọ́wọ́ mi, ó yọ ọ́ kúrò lára iná. "Òkú kì í gbèjà ara ẹ̀ náà."

Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà sí mẹ́rin. "O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bi mí. Ó béèrè lọ́wọ́ mi, mo gbé e gba ẹ̀yìn. Ọgbọ̀n ọdún, mi ò tan ọkùnrin yẹn jẹ rí. Ìgbà kan péré ni, ìgbà yẹn ló sì gbé lọ." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Bó ṣe ń ka orúkọ ọjà tó fẹ́ rà náà ló ṣe sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo tẹ̀ lé e. Yàrá ìpàdé náà tutù, tábìlì rẹ̀ gùn ju ohun tí èèyàn márùn-ún nílò lọ. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wa wà níbẹ̀, obìnrin arẹwà kan tó ń wojú èèyàn láti òkè gíláàsì rẹ̀. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀, Tíṣà náà wà níbẹ̀ nínú kóòtù tó ti ń ṣí. Wọ́n ti gbé ojúlówó àwòrán Bọ̀dá jáde látinú fáìlì, èyí tó fi ọwọ́ yà kí wọ́n tó sọ ọ́ di kékeré. Ó tóbi tó àwo ìgbéǹkan. Ẹnikẹ́ni kò wò ó, wọ́n kàn gbé e sí apá kan.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kó kà á tán. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀, ó gbé abọ́ kan tì í, ó sì da omi gbígbóná sí i látinú fíláàsì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí," ó ní.

Ó fa lámilámi náà yọ pẹ̀lú píìnì rẹ̀. Ó gbé e wọnú omi títí dé ìbàdí, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó jó sì wọnú omi náà pẹ̀lú rẹ̀. Èéfín ń jáde lójú abọ́. Èmi tí mo jókòó ni mo ká ọwọ́ mi kò, òun kò mì. A dúró. Akọ̀wé wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, láìsí ariwo kankan, ìrù náà tú, ó sì léfòó sójú omi.

"Ìrù yìí kì í ṣe tiẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi bi mí, mi ò sọ fún un. Ohun tí mo gbé síwájú ẹ̀ ló yà. Tí ẹ bá máa yọ orúkọ, tèmi ni kẹ́ ẹ yọ."

Ọ̀gá àgbà yọ gíláàsì rẹ̀. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀ fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán, pé ayàwòrán tó mọṣẹ́ yẹ kó ti rí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ó ní tí ọkọ bá gba ohun tí ìyàwó sọ gbọ́ láìwò ó dáadáa, ìyẹn náà jẹ́ àìkúnjú òṣùwọ̀n. Mo ti ń dìde sí i nígbà tí Tíṣà fa àwòrán ńlá náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó yọ awò ọwọ́ rẹ̀ jáde lápò, ó tẹrí ba.

"Kí ni nǹkan yẹ́lò tó wà ní ìbàdí ẹ̀ yìí?" ó ní.

"Ìdọ̀tí ẹ̀rọ ni," mo dáhùn. Ẹnu mi yá ju èrò mi lọ.

"Ẹ̀rọ wo? Àwòrán ọwọ́ nìyí. Wọ́n yà á ni." Ó tún tẹrí ba sí i. "Ó ń dán. Ó rí bí ẹ̀kán omi. Ó tiẹ̀ ya ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sí i lára. Irun kan sì wà nínú ẹ̀, irun pupa kékeré kan."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi sórí tábìlì ìjọba. Tíṣà gbé awò náà fún un, ó sì dúró lórí àwòrán yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé lámilámi tí kò nírù mọ́, ó yẹ ìbàdí rẹ̀ wò, ó sì tẹ́ ẹ síwájú ọ̀gá àgbà. Ìyókù gọ́ọ̀mù tí omi kò tíì tú tán wà níbẹ̀. Irun náà dúró nínú rẹ̀.

"Búrọ́ọ̀ṣì mi ni," ó ní. "Mo kánjú lọ́jọ́ náà, irun ẹ̀ já sínú gọ́ọ̀mù, mi ò yọ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn, ọkọ mi ló rà á fún mi. Kò sẹ́lòmíràn tó ní irú ẹ̀ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé." Ó gbé awò náà kalẹ̀. "Ó rí i."

Ó tún wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó rí gbogbo ẹ̀. Ó mọ̀ pé èmi ni. Kò bi mí mọ́." Ó yíjú sí mi, kì í ṣe sí ìgbìmọ̀. "Àbúrò mi, ṣé o gbọ́? Mo ní kó yà á bó ṣe rí i. Bó ṣe rí i náà ló yà á."

Mo ní mo gbọ́.

Ó ṣí ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ó wá wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó gbé e sókè. "Yéè," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Omi yìí gbóná. Ọwọ́ mi ń ta mí." Ó tún sọ pé ọwọ́ òun ń ta òun, ó ń ta òun gan-an, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ láìwá àga, ẹkún oṣù márùn-ún sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá àgbà dìde, ó ní kí akọ̀wé jáde lọ wá omi tútù. Tíṣà kọjú sí fèrèsé, ó ń fi kóòtù rẹ̀ nu awò. Èmi jókòó tì í nílẹ̀, mo di ọwọ́ tí kò jó mú.

Wọn kò dá lámilámi padà sórí káńtà. Èyí tí mo ti tà ṣáájú, àwọn akósítáǹpùjọ ń wá a kiri lójoojúmọ́ báyìí, Tíṣà sì ní òun kò ní tà mẹ́rin tirẹ̀ láéláé. Wọ́n kọ orúkọ Bọ̀dá sára pákó, òun ni ìkẹtàdínlógún láti òkè. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé ìkìlọ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní yàrá kòkòrò, wọ́n ní kó lọ lo ọdún méjì tó kù níbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Kò bá wọn jiyàn. Nílé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó tú okùn bàtà ọ̀tún, ó kó bàtà méjèèjì sínú páálí. Ó bú mi pé ọbẹ̀ tí mo sè kò níyọ̀. Inú mi dùn sí èébú náà.

Kí ó tó fi yàrá kòkòrò sílẹ̀, wọ́n ní kó kọ ohun tó ṣẹ́ kù láti kọ sórí ìwé pélébé abẹ́ lámilámi, kí ó sì fi ìrù àlejò náà sínú ìgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bá a lọ láti bá a ru ẹrù. Mo yá awò, mo ka ohun tó kọ. Ìlà kìíní sọ pé wọ́n ti tún lámilámi yìí ṣe rí, ó sì sọ ọdún tí wọ́n tún un ṣe. Ìlà kejì ní orúkọ rẹ̀, pé òun ló ṣe é. Òfin wọn parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì ní àyè díẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ti fi ìkọ̀wé èèrà rẹ̀ kọ ìlà kẹta sí i: Ọkọ mi rí i.